Ọmọ Tó Fẹ́ Di Dókítà: Irú Iṣẹ́ Wo Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Ṣe Lẹ́bàá Aláìsàn?

Ọ̀rọ̀ tí a ó yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí ọmọ kan wà tó ń wí pé, "Dókítà ni mo fẹ́ ṣe." Inú òbí a máa dùn bí ọmọ bá sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá a ra ìwé, bàbá a wá olùkọ́ tí yóò máa kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ará ilé a sì bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní dókítà kí ó tó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé kì í rántí: ọmọ náà kò tíì jókòó ti aláìsàn rí. Kò mọ òórùn wọ́ọ̀dù, kò mọ bí aláìsàn ti í kérora lóru, kò sì mọ̀ bí ọkàn òun yóò lè gbà á.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Nítorí náà ni ẹ̀kọ́ wa òní ṣe dá lórí iṣẹ́ tí ọmọ lè ṣe láàárín àwọn aláìsàn kí ó tó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn: èyí tó ní láárí, èyí tí kò ní láárí, àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn rárá.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI ṢE PÀTÀKÌ

Nílé wa níbí, yunifásítì kì í bèèrè bóyá ọmọ ti ṣiṣẹ́ ní ọsibítù rí. Ohun tí wọ́n ń wò ni èsì ìwé mẹ́wàá, máàkì JAMB nínú Gẹ̀ẹ́sì, Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Bàọ́lọ́jì, àti ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ bá ṣe. Ọmọ tó bá yege lè wọ kíláàsì ìṣègùn láìjẹ́ pé ó ti bá aláìsàn kankan sọ̀rọ̀ rí, àfi ìyá rẹ̀ àgbà. Ọdún mẹ́fà ni yóò fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà bí ìyanṣẹ́lódì kò bá fà á gùn. Lẹ́yìn náà yóò ṣiṣẹ́ ọdún kan ní ọsibítù lábẹ́ àwọn dókítà àgbà, yóò sì sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Ọdún mẹ́jọ gbáko nìyẹn. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọdún kẹrin, nígbà tí wọ́n kó wọn wọ wọ́ọ̀dù, ni ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọkàn òun kò sí nínú iṣẹ́ yìí, owó ti lọ, ọjọ́ orí ti lọ, ìtìjú kò sì ní jẹ́ kó lè sọ fún ilé. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ ì bá ti fi ọ̀nà hàn án.

Ti òkè òkun tún yàtọ̀, mo sì mẹ́nu kàn án nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ yóò kọ́kọ́ gba oyè yunifásítì, ọdún mẹ́rin ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí ó tó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Nínú ìwé ìbéèrè tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ń lò, àyè 15 wà tí ọmọ yóò ti kọ àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe àti iye wákàtí tó lò nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì lè yan mẹ́ta nínú wọn tí yóò ṣàlàyé dáadáa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń wọlé. Láti orí àwọn tí ń wọlé ní 2026, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń bi ọmọ nínú ìwé tó fi ń wá àyè, ìkẹta sì ni ohun tó ti ṣe lẹ́yìn òde kíláàsì láti múra sílẹ̀. Bí wọ́n bá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọn yóò bi í pé: kí lo rí, kí lo sì kọ́ níbẹ̀? Ẹni tí kò rí nǹkan kan kò ní rí èsì fọ̀.

Nítorí náà, ì báà jẹ́ ilé, ì báà jẹ́ ẹ̀yìn odi, ẹ̀kọ́ yìí wúlò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé wọ́n ń bèèrè é lọ́hùn-ún, àwa fúnra wa ni yóò bi ara wa níhìn-ín.

OBÌNRIN KAN TÓ BẸ̀RẸ̀ LẸ́BÀÁ IBÙSÙN

Cicely Saunders ni orúkọ obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n bí ní 1918. Nígbà ogun Hitler, ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù St Thomas's ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún tí kò lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́, ó di òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó ọ̀ràn ilé àti àtijẹ àwọn aláìsàn. Láti 1948, ó ń lọ sí ọsibítù St Luke's, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́, ó sì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ láìgba owó. Ibẹ̀ ló ti rí i pé wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn ìrora ní àkókò tó ṣe déédéé, kí ìrora tó padà dé, dípò kí wọ́n máa dúró títí aláìsàn yóò fi kígbe.

Ohun tó fojú rí yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ó sì di dókítà ní 1957, nígbà tó ti súnmọ́ ẹni ogójì ọdún. Ní 1967, ó ṣí ilé ìtọ́jú St Christopher's ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà tó gbà ń tọ́jú àwọn tí ikú ti súnmọ́ sì tàn ká ayé.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣe ní St Luke's. Kò la ikùn ẹnikẹ́ni. Ó ṣe iṣẹ́ tó mọ̀, ó jókòó ti aláìsàn, ó la ojú sílẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ìdí tó fi fẹ́ di dókítà kò fara sin mọ́, kì í sì í ṣe nítorí aṣọ funfun.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN TÍ A FI Ń MỌ IṢẸ́ TÓ NÍ LÁÁRÍ

Bí ọmọ yín bá sọ pé òun ti rí ibì kan tí òun fẹ́ lọ, ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin yìí wọ̀n ọ́n.

Èkínní: Ṣé yóò súnmọ́ aláìsàn? Ẹni tí ń to fáìlì nínú yàrá ẹ̀yìn láti àárọ̀ dalẹ́ wà ní ọsibítù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ì wà lọ́dọ̀ aláìsàn. Bákan náà ni ẹni tí ń fọ ìgò ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ fún ọmọ bí yóò ti rí lára òun nígbà tí arúgbó bá dì í lọ́wọ́ mú tó ń sunkún.

Èkejì: Ṣé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́, tó sì tọ́ sí ẹni tí kò tíì kọ́ṣẹ́? Kí a gbé omi fún aláìsàn, kí a ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí a pe nọ́ńbà, kí a mú ìyá arúgbó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, kí a bá ẹni tí kò mọ̀wé ka ohun tó wà lára káàdì rẹ̀: iṣẹ́ tó yẹ ọmọ nìyẹn, aláìsàn sì nílò rẹ̀ gidigidi.

Ẹ̀kẹta: Ṣé àgbà kan wà tí ń mójú tó o? Ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí òun yóò máa jẹ́ iṣẹ́ fún, ẹni tí yóò sọ pé "ṣe èyí" àti "má ṣe ìyẹn." Ibi tí kò ti sí ẹni tí ń mójú tó ọmọ, ewu ni fún ọmọ, ewu sì ni fún aláìsàn.

Ẹ̀kẹrin: Ṣé yóò pẹ́ níbẹ̀? Ọjọ́ mẹ́ta kò tó láti mọ ilé tó jóná. Ọmọ tó bá ń lọ fún wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ 26, èyí tíí ṣe oṣù mẹ́fà, yóò ti lo wákàtí 104. Yóò ti rí aláìsàn kan náà nígbà tó dé, nígbà tó burú, àti nígbà tó lọ sílé. Èyí sàn ju kí ó sáré lọ sí ọsibítù mẹ́wàá kí ó lè ní orúkọ mẹ́wàá kọ sílẹ̀.

IBI TÍ Ó LÈ LỌ

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò ni mo kọ́kọ́ fi lélẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ọjọ́ tí àwọn aláboyún ń wá fún àyẹ̀wò, èrò a máa pọ̀, ọwọ́ nọ́ọ̀sì kì í sì í ká a. Ọmọ tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ yóò wúlò níbẹ̀: yóò to àwọn ìyá sórí bẹ́ǹṣì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti dé, yóò bá nọ́ọ̀sì gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, yóò gbọ́ bí wọ́n ti ń ṣàlàyé oúnjẹ fún aláboyún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọsibítù ńlá nìkan ló dára. Ṣùgbọ́n níbi tí èrò dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ bá ti pọ̀ yí ibùsùn kan ká, ẹ̀yìn ni ọmọ tó wá wò yóò máa dúró sí.

Ẹgbẹ́ Red Cross tún dára. Wọ́n ń kọ́ ènìyàn ní ìrànlọ́wọ́ àkọ́ṣe, bí a ti í dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí a ti í gbé ẹni tó fara pa. Ẹ̀kọ́ yẹn kò ní ṣòfò bí ọmọ kò tilẹ̀ di dókítà láéláé.

Ẹ má sì fojú di ti inú ilé. Bí bàbá àgbà bá ní àrùn rọpárọsẹ̀, ọmọ tó ń bá wọn yí i padà lórí ibùsùn kí egbò má baà dá sí i lára, tó ń fún un ní oúnjẹ, tó ń rántí àkókò oògùn rẹ̀, ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò fi dandan lé e pé ọsibítù ni ọmọ ti gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tàbí ìtọ́jú ará ilé ẹni tó ìròyìn, bí ọmọ bá lè sọ ohun tó kọ́.

Títẹ̀lé dókítà kiri láti wo iṣẹ́ rẹ̀ náà ní àyè tirẹ̀. Ọmọ yóò rí i bí ọjọ́ dókítà ti rí: ìwé kíkọ, ìdúró gígùn, ìròyìn burúkú tí a ní láti sọ fún ìdílé. Ṣùgbọ́n wíwò ni, kì í ṣe síṣe. Ọjọ́ mélòó kan tó, kí ó tún lọ wá ibi tí yóò ti ran aláìsàn lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n lè kọ́ iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, èyí tí òfin ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ sọ pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 75. Àwọn yìí ló ń wẹ aláìsàn, tí ń wọṣọ fún un, tí ń bọ́ ọ. Àwọn mìíràn ń kọ́ iṣẹ́ inú ọkọ̀ áńbúláǹsì, àwọn mìíràn sì jẹ́ akọ̀wé tí ń kọ ohun tí dókítà ń bá aláìsàn sọ sílẹ̀. Èyí tó bá mú ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìtọ́jú ni mo fẹ́ràn jù.

OHUN TÍ Ọ̀MỌ KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Ibí yìí ni mo bẹ̀ yín kí ẹ ti fetí sí mi dáadáa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ọmọ tí kò tíì kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́. Kò gbọ́dọ̀ fa omi sí aláìsàn lára, kò gbọ́dọ̀ rán egbò, kò gbọ́dọ̀ gbẹ̀bí, kò sì gbọ́dọ̀ pín oògùn. Àwọn òbí kan a máa fi ọmọ sí ìdí kẹ́mísítì tí ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ ní kọ̀rọ̀, wọn a ní kó lè tètè mọ iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ tí a gún sí ibi tí kò yẹ ní ìdí lè ba iṣan ẹsẹ̀ ọmọ kékeré jẹ́, kí ọmọ náà sì máa tiro títí ayé. Kí ni a ó sọ fún ìyá rẹ̀? Ṣé pé ọmọ wa ń kọ́ bí yóò ti di dókítà?

Irú rẹ̀ kan tún wà tó ń wáyé nígbà ìsinmi Kérésìmesì. Ọmọ yóò ti Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ̀nù dé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ọsibítù, wọn a sì fi í sí wọ́ọ̀dù pé kó lọ "fọwọ́ kan iṣẹ́." Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, yóò ti ṣe ohun tí wọn kò jẹ́ fi lé e lọ́wọ́ láé ní ìlú tó ti wá. Ẹ̀yin ará, ṣé ara aláìsàn tiwa kò jẹ́ ara ni? Ìlànà ibẹ̀ rọrùn: ohun tí kò lè ṣe fún aláìsàn lọ́hùn-ún, kò gbọ́dọ̀ ṣe é fún aláìsàn níhìn-ín. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá ti ṣe ìkìlọ̀ jáde fún àwọn ọmọ tí ń lọ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ní ó lè ṣe aláìsàn ní jàǹbá, ó sì lè ba àyè tí ọmọ ń wá jẹ́. Kí ọmọ náà wá, kí ó wò, kí ó gbé omi, kí ó bá àwọn arúgbó sọ Yorùbá. Èyí ti tó.

Ẹ má sì ra ìwé ẹ̀rí fún ọmọ. Ẹni tó bá ní òun ṣe ọgọ́rùn-ún wákàtí tí kò ṣe, ìbéèrè méjì péré ni yóò tú u fó.

ÌṢỌ́RA FÚN ARA RẸ̀

Ọsibítù kì í ṣe ibi eré. Ní oṣù keje 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Ènìyàn 20 ló ní àrùn náà ní Nàìjíríà, àwọn 8 sì kú, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wà lára wọn. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí kò jẹ́ kí arìnrìn-àjò náà jáde kúrò ní ọsibítù láti tan àrùn kálẹ̀, wà lára àwọn tó kú. Nítorí náà:

1. Kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì B kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà máa ń gbà á: èkínní, òmíràn lẹ́yìn oṣù kan, àti ìkẹta ní oṣù kẹfà. Ẹ má ṣe dúró di ìparí.

2. Kí ó fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn àti lẹ́yìn rẹ̀. Kí fífọ̀ náà gba ìṣẹ́jú-àáyá 40 sí 60: àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò àti abẹ́ èékánná.

3. Bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò bá gún un, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, kí ó má fi ẹnu fà á, kí ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Oògùn wà tó lè dènà kòkòrò HIV bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 72 lọ.

4. Kí ó pa àṣírí mọ́. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2014, sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ àìsàn àti ìtọ́jú ènìyàn. Kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò aláìsàn, kò sì gbọ́dọ̀ délé kó máa sọ pé, "Mo rí Ìyá Báyìí ní ọsibítù lónìí."

BÍ YÓÒ TI BẸ̀RẸ̀ ÀTI BÍ YÓÒ TI PARÍ

Kí ọmọ wọ aṣọ tó mọ́, kí ó lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn náà ní àkókò tí èrò kò pọ̀, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí i, kí ó sì wí báyìí: "Ẹ káàárọ̀, mà. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lọ́jọ́ iwájú. Mo wá bẹ̀ yín bí ẹ bá lè jẹ́ kí n máa wá ràn yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Iṣẹ́ tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe." Kí ó mú ìwé òbí lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní kò sí àyè, kí ó dúpẹ́, kí ó lọ sí ibòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé kékeré kan láìkọ orúkọ aláìsàn: ohun tí mo rí, ohun tí ó ṣe mí lọ́kàn, ohun tí n kò mọ̀ tí mo fẹ́ bèèrè. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí òbí àti ọmọ jọ ka ìwé náà.

Bí ọmọ bá wá sọ pé, "Màmá, n kò rò pé iṣẹ́ yìí tọ́ sí mi mọ́," ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú. Ẹ má sọ pé ó dójú ti ilé. Ẹni tó mọ̀ ní Sátidé kẹwàá sàn fíìfíì ju ẹni tó mọ̀ ní ọdún kẹrin lọ. Bóyá yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló fà á mọ́ra, bóyá iṣẹ́ apòògùn ni, bóyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bóyá iṣẹ́ mìíràn tí kò kan ọsibítù rárá ni. Bí ó bá sì sọ pé, "Màmá, mo ti rí i, mo ṣì fẹ́ ẹ," ẹ jẹ́ kí ó tẹra mọ́ ìwé rẹ̀, nítorí ó ti mọ ohun tó ń bèèrè.

Ẹ gé ìbéèrè mẹ́rin yìí kúrò, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ibi tí ọmọ ti ń kàwé: Ṣé mo súnmọ́ aláìsàn? Ṣé iṣẹ́ tó tọ́ sí mi ni mò ń ṣe? Ta ní ń mójú tó mi? Ṣé mo ti pẹ́ tó níbẹ̀ láti mọ̀?

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ọmọ wa tu aláìsàn lára. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.